Jẹnẹrétọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Aṣòfin

Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó mi ńkọ́? Oyún inú rẹ̀ ńkọ́? Èmi wà láàyè. Òtútù ìlú òyìnbó yìí ò tíì pa mí, àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ mi ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn yìí náà ò sì tíì pa mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gbìyànjú.

Ìyàwó rẹ kọ̀wé sí mi. Ìwọ tí mo bí, mi ò rí ìwé rẹ láti ìgbà tí ọdún ti yí. Ó ní yàrá ìsàlẹ̀ tí òun àti àwọn atẹ̀wé yòókù ti ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn aṣòfin ti di ibi tí èèyàn ń gbé orí fífọ́ jáde lójoojúmọ́. Ó ní ẹ̀yìn fèrèsé wọn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ wà. Tí wọ́n bá ti fèrèsé, ooru. Tí wọ́n bá ṣí i, èéfín. Ó ní obìnrin àgbà tó jókòó tì í, èyí tí ẹ ń pè ní Màmá Kíákíá nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, máa ń sáré jáde lọ bì nígbà míì, á nu ẹnu, á tún padà wá jókòó. Ìyàwó rẹ kọ gbogbo èyí bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Aboyún ni o! Kí ni jẹnẹrétọ̀ yẹn ṣì ń wá níbẹ̀? Ṣebí ìwọ ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé náà. Má sọ fún mi pé wọ́n ń ronú lé e lórí. Nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ òwò níbí, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí á wá ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni? Ta ló sì lè dá ẹni náà dúró lójú ọ̀nà, kó bi í pé kí ló ń ṣe? Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi kó yé mi. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò wa. Ẹ má bínú pé mi ò kọ̀wé. Ìwé ni mò ń kọ látàárọ̀ dalẹ́ níbí, tí mo bá délé, bírò máa ń rí bí ìyà lójú mi.

Ẹ ní kí n kọ ọ́ kó yé yín. Ilé Aṣòfin ní apá méjì. Apá kan ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣòfin, tí wọ́n sì ti ń bú ara wọn. Apá kejì ni ilé náà fúnra rẹ̀: òṣìṣẹ́, yàrá, iná, omi, mọ́tò, ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó ń tẹ̀wé. Apá kejì yìí ló wà lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Alákòóso. Abẹnugan ni alága. Ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ní àwọn èèyàn nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ alátakò ní ẹnì kan. Èmi ni akọ̀wé. Mò ń pe ìpàdé, mò ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ, mi ò ní ìbò. Àwọn ló ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, àwọn ló ń gbé e ga, àwọn náà ló ń lé e. Èmi pẹ̀lú, àwọn ló gbà mí.

Òfin wọn ni pé wọn ò lè jókòó láìsí ẹni alátakò, kí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù má bàa sọ ilé di ti bàbá wọn. Òfin tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin alátakò yìí ti ní òun ò wá mọ́. Ọ́fíìsì kan wà tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà òdòdó. Ó ti fọkàn sí i, Abẹnugan sì gbé e fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, tí mo bá pe ìpàdé, àwọn tó kù á dé, wọ́n á mu tíì, wọ́n á ní, "Akọ̀wé, ṣé ó dé?" Màá ní rárá. Wọ́n á kí mi pé mo kú iṣẹ́, wọ́n á lọ.

Kò sì sí ohun tí a lè ṣí nídìí nínú ọgbà yìí láìjẹ́ pé Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ìdí tí jẹnẹrétọ̀ fi wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ bi mí pé ta ló lè dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Ilé Aṣòfin ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìròyìn iṣẹ́ wọn síwájú Ilé lọ́dọọdún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aṣòfin èyíkéyìí lè dìde béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, kí ọ̀kan nínú wọn dáhùn. Èmi ni mo sì ń kọ ìdáhùn náà. Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n á bi wọ́n, màá kọ ọ́, wọ́n á kà á, gbogbo Ilé á ní àwọn ti gbọ́.

Ìyàwó mi ń kí yín. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, mò ń wá ọ̀nà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé. Mo kà á lórí ìdúró, láàárín ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì, mo sì pariwo tí gbogbo wọn fi yíjú wò mí. Ìgbìmọ̀ tí kì í jókòó! Ṣé ìdúró ni wọ́n ń ṣe tiwọn ni? Nítorí fèrèsé tó kọjú sí òdòdó, kí ìyàwó mi máa fa èéfín símú?

Láìpẹ́ yìí, páìpù omi gbígbóná kan bẹ́ níbí. Mi ò pe ìpàdé. Mo pa ẹ̀rọ, mo kó àwọn èèyàn mi síta, lẹ́yìn náà ni mo tó lọ sọ fún ọ̀gá mi. Ó bínú? Ó bínú dáadáa. Ṣùgbọ́n ara ẹnikẹ́ni ò bó.

Ohun méjì ni mo ti ṣe. Mo ti kọ̀wé sí ìyàwó rẹ pé kó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kó jókòó sílé títí tó máa fi bímọ. Mi ò fẹ́ àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Mo sì ti kọ̀wé sí aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò wa. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ dàgbà, ó mọ̀ mí. Mo ní kó dìde ní gbọ̀ngàn kó bi Ìgbìmọ̀ yẹn: ṣé wọ́n mọ̀ pé èéfín ń wọ yàrá àwọn atẹ̀wé, ìgbà wo ni wọ́n sì máa gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò níbẹ̀? Mi ò dárúkọ rẹ, mi ò dárúkọ ìyàwó rẹ. Ìwọ lo ní aṣòfin èyíkéyìí lè béèrè. Ó dáa, mo ti bá ọ rí ọ̀kan. Tí wọ́n bá bi èèyàn ní nǹkan lójú gbogbo ayé, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yá.

Kọ̀wé sọ fún mi tí wọ́n bá ti gbé e.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Karùn-ún, Oṣù Kẹta

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò tíì rí èsì yín sí ìwé tí mo kọ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n èyí ò lè dúró. Pẹ̀lú ẹ̀rín ni mo fi ń kọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà níbí, òun ló ń bójú tó gbogbo iná ilé yìí, Ọ̀gá Oníná la ń pè é. Òun náà sọ mí ní Bírò. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó tilẹ̀kùn, ó ní, "Bírò, èwo ló nílò àṣẹ Ìgbìmọ̀? Kí á gbé jẹnẹrétọ̀ ni, àbí kí á tún un ṣe?"

Mo ní, "Gbígbé ni. Àtúnṣe wà lọ́wọ́ yín."

Ó ní, "Ṣé o rí i, jẹnẹrétọ̀ yẹn ò gbádùn. Mo máa gbé e lọ sẹ́yìn gáréèjì fún ìtọ́jú. Àìsàn tó ń ṣe é yẹn, mi ò sì rò pé ó máa lọ bọ̀rọ̀."

Màmá, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí Ilé bá gba ìsinmi ní ìparí oṣù yìí ló máa ṣe é. Kí àwọn aṣòfin tó padà, ibùsùn tuntun á ti mọ́ jẹnẹrétọ̀ lára.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ yín. Ìdákẹ́jẹ́ ni nǹkan yìí fẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé yín dé. Ohun tí ẹ ṣe ti dé ṣáájú rẹ̀.

Aṣòfin àdúgbò wa ti fi ìbéèrè yín sílẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ètò ìjókòó Ilé. Nǹkan kan wà tí mi ò kọ fún yín, nítorí mi ò rò pé ó máa kàn yín láé. Ohun tí wọ́n bá ti béèrè nípa rẹ̀ ní gbọ̀ngàn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án mọ́ títí ìdáhùn á fi jáde. Ó gbọ́dọ̀ wà bí ẹni tó béèrè ṣe sọ pé ó wà. Wọ́n ṣe òfin náà láyé àtijọ́ kí Ìgbìmọ̀ má bàa yára tún nǹkan ṣe ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì dìde sọ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ àwọn.

Abẹnugan pè mí lórí fóònù ilé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, ìyàwó mi ṣì jókòó tì mí. Mi ò mọ ẹni tó tú àṣírí fún un. Ó ní, "Akọ̀wé, mo gbọ́ pé Ọ̀gá Oníná fẹ́ gbé nǹkan kan. Kó má fọwọ́ kàn án." Mo ní, "Kó má fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀, sà?" Ó ní, "Títí a máa fi dáhùn." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo lọ sọ fún Ọ̀gá Oníná. Ó ti tú bóòtù tó de jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀ sílẹ̀, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Ó ní, "Bírò, ta ló rán aṣòfin aláìmọ̀kan yìí níṣẹ́?" Mi ò lè sọ fún un pé ìyá mi ni.

Ẹ máa béèrè ìdáhùn. Mo ti kọ ọ́ tán, ó dáa, ó kúrú. Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè kà á.

Ìyàwó mi wà nílé bí ẹ ṣe wí. Màmá Kíákíá ló gba iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀. Ó ní kí á má dààmú, ọwọ́ òun tó ọwọ́ èèyàn méjì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Mo ka ìwé rẹ. Ó yẹ kí n dúró de èsì rẹ, mi ò dúró. Ìwọ náà ò sọ òfin ilé yín fún mi tán. Jẹ́ kí á fi ìyẹn síbẹ̀, ẹjọ́ rírò ò gbé jẹnẹrétọ̀.

Gbọ́ o. Jẹnẹrétọ̀ ni mo béèrè. Mi ò béèrè àga, mi ò béèrè tábìlì, mi ò béèrè obìnrin tó jókòó níbẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ìyẹn. Kó àwọn atẹ̀wé yẹn kúrò ní yàrá náà. Kí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, kí àwọn aṣòfin máa fò wọ́n kọjá, bóyá wọ́n á rí wọn. Kó wọn jáde lọ́la, kí ẹni tó bá máa bínú bínú.

Láti kékeré lo ti máa ń dúró kí ẹnì kan fọwọ́ sí nǹkan fún ọ. Mi ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí o ti kọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Fèsì.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Ọgbọ̀n, Oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Ṣé ẹ wà? Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ń pín lẹ́tà níbi iṣẹ́ wa ti ń sá fún mi báyìí, tó bá rí mi lókèèrè, á ti máa mi orí. Tí ó bá jẹ́ pé inú ń bí ọ, bínú sínú ìwé kí n rí i kà.

Ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé ó ṣì jókòó sílé? Fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Karùn-ún

Màmá mi,

Ìyàwó mi wà láàyè. Ọlẹ̀ ń sọ nínú rẹ̀, dókítà ní kò sí ewu. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí ẹ tó ka ìyókù.

Màmá Kíákíá ti kú.

Àríyànjiyàn pọ̀ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, ojú ìwé ń wọlé sí ìsàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Iná lọ ní ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ gbà á. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn sì ń darí èéfín bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó kù jáde lọ jẹun. Ó ní kí wọ́n máa lọ, òun fẹ́ parí èyí tó jẹ́ ti ìyàwó mi. Nígbà tí wọ́n dé, ó ti gbórí lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Wọ́n rò pé oorun ni. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Màmá Kíákíá, ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń rọra!" Ó fọwọ́ kàn án léjìká.

Ìwé yín ti dé ọwọ́ mi kó tó ṣẹlẹ̀, èyí tí ẹ ti ní kí n kó wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kà á. Mo rí i pé òótọ́ ni ẹ sọ. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀, mo ní màá gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Ìpàdé náà ti wáyé. Ọkùnrin alátakò wá, kò tiẹ̀ dárúkọ fèrèsé. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀, nítorí náà àwọn fúnra wọn ló ń ṣe ìwádìí ikú rẹ̀, àwọn náà ló máa ròyìn rẹ̀ fún Ilé. Wọ́n ti dá Ọ̀gá Oníná dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé èéfín ń dà wọlé, kò ṣe nǹkan kan. Ó ní òun fẹ́ ṣe é, akọ̀wé ló wá dá òun dúró. Wọ́n ní kó mú ìwé tí akọ̀wé kọ sí i wá. Kò sí ìwé, Màmá. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́.

Èmi ni mo jókòó sí ìkángun tábìlì tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àfi tí wọ́n bá bi í. Wọn ò bi mí. Wọ́n máa jókòó lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó lé e dànù.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìyàwó mi wà láàyè nítorí pé mo ní kó jókòó sílé. Obìnrin yẹn kú nídìí iṣẹ́ ìyàwó mi. Mo ti gbìyànjú láti rò ó ní ọ̀nà míì, kò gbà. Àná, mo gbé aṣọ funfun sínú ẹ̀rọ tí a fi ń fọ aláwọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní kí n lọ jókòó. Mi ò lọ.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Oníná ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ò tíì bọ́. Má dúró kí wọ́n bi ọ́. La ẹnu rẹ. Sọ pé Abẹnugan ló pè ọ́, sọ ohun tó sọ, sọ pé ìwọ lo lọ jíṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ náà ni wọ́n máa gbọ́ ọ, tí wọ́n máa dá ọ lẹ́jọ́, tí wàá sì pẹjọ́ sí. Mi ò ní kó rọrùn. Tí wọ́n bá lé ọ, ibùsùn wà lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ wà pẹ̀lú, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ táì lọ, ṣùgbọ́n o máa jẹun.

Tí o ò bá sọ ọ́, má kọ̀wé sí mi mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà

Màmá wa,

Èmi ìyàwó yín ni. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrònú wa. Ara ọkọ mi yá. Wọ́n ti pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun lórí ọ̀rọ̀ yìí sí ẹnikẹ́ni títí Ìgbìmọ̀ á fi tún jókòó. Èmi, wọn ò pàṣẹ fún mi.

Nígbà tí ìwé yín dé, ó kà á, ó gbé e fún mi. Mo ní, "Ṣé ẹ máa sọ ọ́?" Ó ní, "Akọ̀wé kì í..." Mo ní, "Mi ò bi akọ̀wé, bàbá ọmọ inú mi ni mo bi." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Mo wá lọ bá Ọ̀gá Oníná nílé rẹ̀, mo ní kó fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Ìyàwó rẹ̀ fún mi ní omi, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ ìpàdé, ikùn mi ló kọ́kọ́ wọlé kí èmi tó wọlé. Wọ́n wá àga fún mi. Ọmọbìnrin Màmá Kíákíá wà níbẹ̀, wọ́n fi í sẹ́yìn lẹ́bàá ògiri. Ọkọ mi wà ní ìkángun tábìlì, kò gbójú sókè.

Abẹnugan ní, "Ìyáàfin, kí lẹ mọ̀?"

Mo ní mo wà nílé lọ́jọ́ tí fóònù dún. Mo ní mo gbọ́ tí ọkọ mi sọ pé, "Kó má fọwọ́ kan jẹnẹrétọ̀, sà?"

Ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohùn tèmi nínú fóònù?"

Mo ní rárá.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ohùn ọkọ yín lẹ gbọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òun ló jókòó tì yín yẹn, tó ń kọ ohun tí mò ń sọ."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó ṣì ń kọ̀wé, Màmá. Ó kọ èyí tí mo sọ nípa rẹ̀ náà, ó kọ ọ́ dópin, ó fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ pè mí, sà. Ẹ ní kó má fọwọ́ kàn án, mo lọ sọ fún un. Ìyá mi kọ̀wé sí mi pé kí n kó àwọn atẹ̀wé jáde, mi ò kó wọn jáde." Ọ̀gá Oníná fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Mo rò pé ó ti tán. Ọkùnrin alátakò, ẹni tí kì í gbà fún Abẹnugan pé ilẹ̀ ti mọ́, ló mú ìwé òfin Ìgbìmọ̀ jáde. Ó ní ẹni tó bá jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ kan ò lè jẹ́ akọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà. Abẹnugan ní òótọ́ ló sọ. Ó ní ìjókòó tí kò bá sì ní akọ̀wé kì í ṣe ìjókòó, ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ dà bí ẹni pé wọn ò sọ ọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan akọ̀wé míì. Mo béèrè pé ìgbà wo. Ó ní Ìgbìmọ̀ ló ń yan akọ̀wé, ní ìjókòó. Mo wo ojú wọn bóyá ẹnì kan máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó ìwé tó wà níwájú ọkọ mi, wọ́n jáde.

Ọ̀gá Oníná ṣì wà ní ìdádúró, ọkọ mi náà ti wà níbẹ̀. Àwọn atẹ̀wé ṣì wà nísàlẹ̀, èéfín ṣì ń wọlé. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn méjì ti gbé e. Àwọn tó kù ní àwọn ń dúró kí ẹnì kan fún àwọn láṣẹ.

Ẹ ò ní rí ọmọ yín nínú àkọsílẹ̀ kankan, Màmá, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Nígbà tí yàrá náà ṣófo, ọmọbìnrin Màmá Kíákíá ò kúrò lórí àga rẹ̀. Ọkọ mi lọ bá a, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kó bẹ òun. Ó ní, "Ta ni mo máa lọ bá báyìí?"

Ọkọ mi ní, "Ìgbìmọ̀ ni."

Ó wo ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ó ní, "Àwọn dà?"

Ìyàwó yín.